Pẹ́dà Le Koko, Ọkọ̀ Ò Tètè Dúró: Àkọsílẹ̀ Bíréèkì Nissan 240SX Ọdún 1991 Kan

Nissan 240SX ọdún 1991 ni ọkọ̀ náà, irú tí wọ́n ń pè ní S13, tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, kò sì ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ́ńjìnnì KA24DE tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀. SR20DET tó ní tọ́bò, ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n gbé sípò rẹ̀. Nígbà tí agbára ti pọ̀ sí i, ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n wá bíréèkì tó máa kápá rẹ̀. Kálípà iwájú (ohun tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra) ti Nissan 300ZX, irú tí wọ́n ń pè ní Z32, ni wọ́n rà, alumíníọ́mù tó ní písítìnì mẹ́rin. Wọ́n ra dísìkì 280 mm tí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́rin sí kó lè bá họ́ọ̀bù S13 mu. Wọ́n tún ra máásítà bíréèkì ti 300ZX, ohun tó ń ti fúlúìdì lọ sí kálípà nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà. Nọ́ńbà 17/16 wà lára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ ní íǹṣì. Kálípà ẹ̀yìn ò yí padà, ti S13 náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Kálípà Z32 wọ ihò bóòtù S13 láìgé nǹkan kan, láìfi irin kún nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí àwọn onífẹ̀ẹ́ S13 fi máa ń sáré sí i. Rímù 15 íǹṣì tó bá ọkọ̀ wá kì í gbà á. 16 ló ń gbà á, bí apá rímù náà bá yọ síta tó. Oríṣi kálípà yìí kan wà fún dísìkì tó nípọn 26 mm, òmíràn wà fún 30 mm, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà rọrùn mọ nìyẹn.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́. Pẹ́dà le koko, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀, síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, àfi kí awakọ̀ fi gbogbo itan tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti wà nínú gòsílóò fún bí ogún ìṣẹ́jú, iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara rẹ̀ mú, rímù á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè dúró lára rẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní yí fúnra rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá gbé jíà sí nútúrà. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ kankan: bí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì, táyà iwájú nìkan ló ń ké, ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lójú dísìkì ẹ̀yìn lẹ́yìn ìrìn gígùn, nígbà tó yẹ kó máa dán.

Àwọn tó ti fọwọ́ kàn án ṣáájú ti pààrọ̀ páàdì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù ní àìmọye ìgbà. Ìyẹn ò lè wò ó sàn. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, pẹ́dà á rọ̀, á máa rì wọlẹ̀. Kì í mú pẹ́dà le. Ẹni tó bá ń fa afẹ́fẹ́ nítorí pẹ́dà tó le ń ṣe iṣẹ́ òfo. Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n wá ìdí kan ṣoṣo fún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ìdí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kàn pàdé lára ọkọ̀ kan.

Kí a yọ búsítà kúrò nínú ẹjọ́ ná

Búsítà ló ń fi agbára kún ti ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, nípa afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà jáde nínú rẹ̀. Pẹ́dà tó le lè jẹ́ ti búsítà tí kò rí afẹ́fẹ́ fà, pàápàá nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tọ́bò sí. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba owó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà títí yóò fi le, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sitáàtì ọkọ̀. Bí búsítà bá wà láàyè, pẹ́dà á rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́: títẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì gbọ́dọ̀ ṣì rọ̀. Bí àkọ́kọ́ bá ti le gbagidi, fáàfù kékeré tó wà nínú họ́ọ̀sì búsítà, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn, ti ń jò, tàbí kí wọ́n ti yí ojú rẹ̀ sódì.

Lára SR20DET, ìbéèrè kan tún wà: ibo ni wọ́n ti so họ́ọ̀sì búsítà? Ìkòkò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn tọ́rọ́tùlù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ni ó gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí ó bá jáde láti ara páìpù tó wà láàrin tọ́bò àti tọ́rọ́tùlù, kò ní rí afẹ́fẹ́ fà rárá, tọ́bò á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí búsítà nígbàkigbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ti ọkọ̀ yìí wà níbi tó yẹ, fáàfù rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Búsítà ò jẹ̀bi.

Ìṣirò tó tú àṣírí

Máásítà tí wọ́n yọ kúrò lára S13 náà jẹ́ 7/8 íǹṣì, ìyẹn 22.2 mm, ojú písítìnì rẹ̀ jẹ́ 388 mm². 15/16 jẹ́ 23.8 mm, ojú rẹ̀ jẹ́ 445 mm². 17/16 jẹ́ 27 mm, ojú rẹ̀ jẹ́ 572 mm². Agbára kan náà tí a bá tì sí ojú tó tóbi jù, pírẹ́ṣọ̀ tó máa mú wá á kéré sí i. Bí a bá ní kí búsítà fi agbára 3,000 N ti máásítà, 7/8 á mú pírẹ́ṣọ̀ 77 bar wá, 15/16 á mú 67 wá, 17/16 á mú 52 péré.

Ẹ jẹ́ ká wá wo kálípà. Ti S13 iwájú ní písítìnì kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó 54 mm, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,290 mm². Z32 ní mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 40.45 mm. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò: wọ́n á ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n á rí 5,140 mm², wọ́n á wá sọ pé kálípà tuntun lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kálípà onípísítìnì kan ń rìn lórí pínnì méjì. Bí písítìnì rẹ̀ bá ti páàdì inú, ara kálípà fúnra rẹ̀ á fa páàdì òde wọlé pẹ̀lú agbára kan náà. Nítorí náà, písítìnì ẹ̀gbẹ́ kan la fi ń wọn kálípà tó ní mẹ́rin: méjì péré, 2,570 mm². Èyí fi nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dísìkì náà ti kúrò ní nǹkan bíi 250 mm, ó ti di 280, èyí tó ti ibi tí páàdì ti ń fún un jìnnà sí àárín táyà. Ìyẹn fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 kún agbára ìdúró. Bí a bá wá pa kálípà, dísìkì àti máásítà pọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan náà lórí pẹ́dà:

Tí a bá fi 7/8 sílẹ̀, agbára ìdúró iwájú á fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Tí a bá fi 15/16 sí i, á fi nǹkan bí ìdá 9 jù ú lọ. Tí a bá fi 17/16 sí i, á dín sí ti ilé iṣẹ́ ní nǹkan bí ìdá 15.

Owó ti lọ, dísìkì ti tóbi, bíréèkì sì ti dínkù. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé pẹ́dà tí kì í wọlẹ̀ máa ń jọ bíréèkì tó dára lábẹ́ ẹsẹ̀. Máásítà ńlá ń ti fúlúìdì púpọ̀ jáde nínú ìrìn kékeré, nítorí náà páàdì á tètè kan dísìkì, pẹ́dà á sì dúró sókè. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa bí páàdì ṣe di dísìkì mú tó. Ẹ wọn agbára. Ẹ má fi bí pẹ́dà ṣe le ṣe ìdájọ́.

Ẹnìkan á béèrè pé ṣebí 17/16 yìí náà ni àwọn 300ZX kan ń lò láti ilé iṣẹ́? Òun ni. Ṣùgbọ́n búsítà 300ZX kì í ṣe ti S13, kálípà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi ju ti S13 lọ, ó sì nílò kí fúlúìdì tó pọ̀ lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mímú ẹ̀yà kan kúrò nínú ètò yẹn, kí a wá gbé e sínú òmíràn tí búsítà rẹ̀ kéré, ló bí ẹ̀sùn àkọ́kọ́.

Ìdí tí ẹ̀yìn fi ń sùn

Ìwọ̀n máásítà kì í yí ìpín iwájú àti ẹ̀yìn padà. Pírẹ́ṣọ̀ tó bá ti inú rẹ̀ jáde, ìkan náà ni fún iwájú àti ẹ̀yìn, kó tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù kankan. Kálípà àti dísìkì ló ń yí ìpín. Ní kété tí iwájú ti gba ìdá 25 lé, tí ẹ̀yìn dúró sí ojú kan, ẹ̀yìn ti pàdánù nínú ìpín rẹ̀, ì báà jẹ́ máásítà wo ló wà níbẹ̀.

Ti ọkọ̀ yìí tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ti fi fáàfù kan sójú ọ̀nà páìpù ẹ̀yìn S13, tó ń dín pírẹ́ṣọ̀ ẹ̀yìn kù kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ tó bá ń dúró lójijì. Bí a bá tẹ bíréèkì díẹ̀, fáàfù náà á jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba; tó bá kọjá ìwọ̀n kan, iwájú á máa gòkè lọ, ẹ̀yìn á máa fẹsẹ̀ wọ́ tẹ̀lé e. Ohun tí a rí lára máásítà 17/16 yìí ni pé irú fáàfù yẹn kan náà wà nínú rẹ̀. Ibi tó ti hàn ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: irin orígun mẹ́fà tó wà níbẹ̀ gùn, ó sì sanra ju ti iwájú lọ, nítorí pé sípíríǹgì àti písítìnì kékeré wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ fáàfù ti S13 kúrò nígbà tí wọ́n gbé máásítà tuntun wọlé. Fáàfù méjì wá tò tẹ̀lé ara wọn: àkọ́kọ́ dín in kù, èkejì tún dín ìyókù kù.

Géèjì méjì ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n so ọ̀kan mọ́ ibi nípù kálípà iwájú (ẹnu kékeré tí a ń gbà fa afẹ́fẹ́ jáde), wọ́n so ìkejì mọ́ ti ẹ̀yìn, irú géèjì tó lè ka tó 140 bar. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń wúwo lórí pẹ́dà, ti iwájú ń gòkè. Ti ẹ̀yìn gòkè díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí bíréèkì padà tí kò ní géèjì yìí, ìméfò lásán ló ń ṣe.

Ìdí tí iwájú fi ń gbóná

Nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkejì ló léwu jù, òun ló sì rọrùn jù láti wádìí bí a bá tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ. Wọ́n wa ọkọ̀ náà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ara rẹ̀ mú, wọ́n wá fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè kíákíá. Táyà ò yí. Wọ́n tú nípù kálípà kan díẹ̀: fúlúìdì ta jáde, táyà yí. Ó túmọ̀ sí pé pírẹ́ṣọ̀ ló há sínú páìpù, kì í ṣe pé písítìnì ló há sínú kálípà. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan nípù; nọ́ọ̀tì méjì tó di máásítà mọ́ búsítà ni wọ́n tú, wọ́n sì fa máásítà síwájú bíi 2 mm. Táyà yí lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ ti parí: ọ̀pá tó wà láàrin búsítà àti máásítà ló gùn jù. Ká ní fífa máásítà ò yanjú rẹ̀, à bá tú páìpù lẹ́nu máásítà. Ká ní ìyẹn náà ò yanjú rẹ̀, à bá fura sí họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti wú nínú.

Nínú ara máásítà, ihò tín-ń-tín kan wà tí fúlúìdì ń gbà padà sínú ìkòkò rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dà. Bí ọ̀pá búsítà bá gùn jù, písítìnì máásítà ò ní lè padà sẹ́yìn tán, rọ́bà rẹ̀ á sì bo ihò náà. Bí ọkọ̀ bá ṣì tutù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí dísìkì bá gbóná, fúlúìdì á wú, kò ní rí ibi lọ, á wá máa ti páàdì fúnra rẹ̀. Páàdì á tún fi kún ooru náà, ooru á fi kún pírẹ́ṣọ̀. Ogún ìṣẹ́jú tí ẹ̀sùn náà ń gbà kó tó yọjú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Iye ìgbà tí ooru fi ń jọ ni.

Máásítà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà, kòtò ẹ̀yìn písítìnì rẹ̀ lè jìn tàbí kó má jìn bíi ti àtijọ́, nítorí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ di àtúnwọ̀n ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ máásítà. Nínú ìwé àtúnṣe Nissan, gígùn tí ọ̀pọ̀ búsítà ìgbà yẹn fi yọ síta jẹ́ 10.275 sí 10.525 mm, tí wọ́n wọ̀n nígbà tí afẹ́fẹ́ inú búsítà ti di fífà dé 500 mmHg. Wíwọ̀n búsítà láìfa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún yín ní iye mìíràn. Ṣùgbọ́n bí máásítà bá ti yàtọ̀, ẹ má gbára lé nọ́ńbà inú ìwé nìkan: ẹ fi ìwọ̀n ìjìn wọn kòtò písítìnì, ẹ wọn bí ọ̀pá ṣe yọ tó, kí ẹ sì fi àyè tó tó 0.5 mm sílẹ̀ láàrin wọn. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, pẹ́dà á máa rìn lófìfo kó tó ṣe nǹkan kan. Amọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí a bá fi díẹ̀ sórí ọ̀pá náà kí a tó de máásítà, á fi àyè náà hàn kedere bí a bá tún tú u.

Ẹ wo pẹ́dà náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó dá ọ̀pá lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ ní 1 sí 3 mm tó lè mì kó tó kan búsítà, ṣíwíìṣì iná bíréèkì ò sì gbọdọ̀ máa tì í. Ti ọkọ̀ yìí wà bó ṣe yẹ.

Nọ́ọ̀tì kan tí kò sí nínú ẹ̀sùn

Nígbà tí wọ́n ń tú páìpù lẹ́nu máásítà, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì náà jáde láìjẹ́ pé sípánà ṣiṣẹ́ púpọ̀, ẹ̀là irin tín-ń-tín sì bá a jáde nínú ihò. Ara rẹ̀ ti ń lómi fúlúìdì díẹ̀díẹ̀. Páìpù tí wọ́n rà ní ilé ìtajà ẹ̀yà ọkọ̀, tí nọ́ọ̀tì ti wà lórí rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 3/8-24. Ihò Nissan jẹ́ M10×1.0. 3/8 jẹ́ 9.5 mm, nítorí náà á wọ inú ihò 10 mm ní ìrọ̀rùn, á yí bí ìlọ́po mélòó kan, á tilẹ̀ jọ pé ó ti dè. Etí eyín rẹ̀ nìkan ló ń kan ti ihò náà. Pírẹ́ṣọ̀ tó ju 70 bar lè fà á tu lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò bíréèkì jù. Nínú gbogbo ohun tí a bá lára ọkọ̀ náà, èyí nìkan ló lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, òun sì ni kò ké.

Ẹ fi nọ́ọ̀tì tí ẹ mọ̀ pé ó jẹ́ M10×1.0 wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó lò ó. Fífi ọwọ́ dè é gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ láìmì. Ẹnu páìpù náà ní tirẹ̀: ti Japan àti Amẹ́ríkà, ẹnu páìpù di àkájọ ìlọ́po méjì, ó sì fẹ̀ síta, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì rí rọ́bọ́tọ́ lẹ́yìn. Ọ̀kan ò lè jókòó sí ìjókòó èkejì láìjò. Họ́ọ̀sì iwájú náà gba àkíyèsí, torí ẹnu kálípà Z32 ò rí bíi ti S13. Wọ́n ń ta họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún àpapọ̀ S13 àti kálípà Z32 gan-an; òun ni kí ẹ rà.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i

Máásítà 15/16 ti Nissan, tuntun, tí kò ní fáàfù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀, ló rọ́pò 17/16. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan náà, iwájú ti fi nǹkan bí ìdá 9 ju ti ilé iṣẹ́ lọ, pẹ́dà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn bí ó ṣe ń rìn láyé àtijọ́, torí ojú máásítà tuntun fi ìdá 15 ju 7/8 lọ, ti kálípà fi ìdá 12 jù. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́dà tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lè fi 7/8 sílẹ̀. Á kàn wọlẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, kò burú. Fún àwọn tó máa ra tòkunbọ̀ ní Ladipo tàbí níbòmíràn, nọ́ńbà ìwọ̀n náà máa ń yọ lára irin máásítà fúnra rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí ibẹ̀ kí ẹ tó kà á. Ẹ tàn iná sínú rẹ̀ pẹ̀lú: bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ kòtò sí ara rẹ̀, rọ́bà tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Fáàfù ti S13 kúrò pátápátá, fáàfù ti ilé iṣẹ́ Wilwood tí a lè fọwọ́ yí sì bọ́ sípò rẹ̀, lójú ọ̀nà ẹ̀yìn nìkan. Irú fáàfù yìí kì í fi pírẹ́ṣọ̀ kún nǹkan kan. Ó kàn lè dín in kù ni, tó fi lè dín ìdá 57 nínú 100 kù bí a bá yí i dé òpin. Kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà iwájú láé. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù fáàfù àtijọ́ ló ń pín fúlúìdì fún ọ̀tún àti òsì iwájú, ẹ ní láti fi ìkóríta M10×1.0 rọ́pò iṣẹ́ rẹ̀ yẹn. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fa táyà iwájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀nà fúlúìdì máa ń dá ara wọn kọjá, iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì. Fáàfù kan ṣoṣo ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí náà kí àwọn onígọ́ọ̀fù àti oníHonda má fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe.

Páìpù tuntun jẹ́ ti àdàlù kọ́pà àti níkẹ́ẹ̀lì, 4.76 mm. Kọ́pà lásán ò dára, ó máa ń rẹ̀ tó sì máa ń sán bí ó bá ń gbọ̀n. Wọn ò fi téèpù funfun onípáìpù-omi kan ẹnu kankan. Irin sí irin ló ń dí ẹnu páìpù, ègé téèpù sì lè lọ dí ihò tín-ń-tín inú máásítà. Nọ́ọ̀tì páìpù gba agbára ìdè 15 sí 18 Nm, bóòtù họ́ọ̀sì tó ní wọ́ṣà kọ́pà gba 17 sí 20, nípù gba 7 sí 9 péré. Nípù inú alumíníọ́mù ò fẹ́ ọwọ́ líle.

Fífa afẹ́fẹ́

Orí tábìlì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú máásítà: wọ́n dì í mọ́ fáìsì ní títẹ́jú, họ́ọ̀sì kékeré láti ẹnu kọ̀ọ̀kan padà sínú ìkòkò rẹ̀, wọ́n wá ń fi igi roboto tì písítìnì díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ìfòòfó mọ́. Ẹni tó bá fo èyí á fa afẹ́fẹ́ lára táyà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nípù kálípà gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí wọ́n bá ti fi kálípà ọ̀tún sí òsì, á wọlé, á sì dè, ṣùgbọ́n nípù á kọjú sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jókòó lókè písítìnì títí ayé. Fúlúìdì bíréèkì DOT 4 tuntun ni wọ́n lò, lítà kan tó ọkọ̀ náà. Ooru tí DOT 4 fi ń hó kò gbọdọ̀ kéré sí 230°C nígbà tó bá ṣì tuntun. Bó bá ti mumi, ó lè bọ́ sí 155°C, ìdí nìyẹn tí kóòpù ọdún tó kọjá tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí ò fi wúlò. DOT 5 jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, kò gbọdọ̀ pàdé DOT 4. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà iwájú, pẹ̀lú títẹ̀ pẹ́dà jẹ́jẹ́. Fáàfù Wilwood ṣí sílẹ̀ dé òpin nígbà náà, kó má baà há afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀yìn.

Yíyí fáàfù

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan fáàfù, wọ́n fi ìdúró bí mẹ́wàá láti nǹkan bíi 80 km/h sí 15 jẹ́ kí páàdì bá dísìkì mọ ara wọn, láìjẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá, wọ́n sì jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí fáàfù sí ibi tí ẹ̀yìn ti gba èyí tó kéré jù, wọ́n sì mú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ tẹ́jú tí ọkọ̀ mìíràn ò gbà kọjá. Wọ́n ń fi pírẹ́ṣọ̀ kún ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ láàrin ìdúró kan sí èkejì, ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wo táyà. Níbi tí táyà ẹ̀yìn ti kọ́kọ́ dúró ṣáájú iwájú, wọ́n yí i padà sẹ́yìn, tí iwájú fi ń ṣíwájú ní gbogbo ìgbà.

Orí ilẹ̀ tó gbẹ la ti ń yí i, pẹ̀lú táyà tó dì mọ́ ilẹ̀ jù lọ àti bùùtù òfìfo, táńkì ò sì kún. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ ti ń dúró le jù, tí ìwúwo ń sá kúrò lẹ́yìn jù, tí ẹ̀yìn sì ń tètè há. Ẹni tó bá yí i nínú òjò á rí i pé ó dára, á sì rí ìdí ọkọ̀ tó ń ṣíwájú orí lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Bí táyà bá yí padà, ẹ tún un yí.

Lẹ́yìn ìgbóná àkọ́kọ́, wọ́n gbé iwájú sókè nígbà tí dísìkì ṣì gbóná: táyà méjèèjì yí fàlàlà. Wọ́n fi aṣọ funfun nu ìdí gbogbo nọ́ọ̀tì, ó gbẹ.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti ń béèrè bóyá kí kálípà ẹ̀yìn Z32 tẹ̀lé e. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ háńbíréèkì S13 wà nínú kálípà rẹ̀, ti Z32 jẹ́ bàtà bíréèkì kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú dísìkì. Ó máa ní láti ra pẹpẹ ẹ̀yìn, bàtà, àti okùn háńbíréèkì, kó sì wá bí okùn náà ṣe máa gùn tó. Písítìnì ẹ̀yìn á kúrò ní nǹkan bíi 34 mm, á di méjì tó jẹ́ nǹkan bíi 38 mm, ojú tí a ń kà á sì fi nǹkan bí ìdá 25 tóbi sí i, dísìkì 297 mm á tún gbé e ga. Fáàfù náà á ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un yí látòkèdélẹ̀. Máásítà 15/16 á ṣì gbé e, pẹ́dà á kàn rìn díẹ̀ sí i. Kò sí ìdí kan tó fi yẹ kí 17/16 padà wá síbẹ̀ láìpààrọ̀ búsítà.